Mọ́tò Tí Kò Lè Dé Kútọnu, Kò Yẹ Kó Gbé Wa Dé Òkìtìpupa

Bí ọdún Kérésì bá ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò máa ń pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Erinjẹ àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹnì kan ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Kútọnu. Ẹlòmíràn fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fojú ara wọn rí Accra. Àwọn kan ní mọ̀lẹ́bí ní Lómè tí wọn kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Owó bàálù ti ga ju ohun tí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún lè san lọ, nítorí náà mọ́tò ilé ni wọ́n máa gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni gìrì-gìrì á ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì á tú ẹsẹ̀ mọ́tò wò. Wọ́n á pààrọ̀ táyà. Wọ́n á wá ìwé mọ́tò tó ti kú jáde, wọ́n á sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n á ra ẹ̀rọ ìpaná tí kò sí nínú bọ́ọ̀tù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò náà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé dandan ni kí á fẹ́ sọdá ibodè ká tó tún mọ́tò ṣe?

Nítorí mọ́tò yìí kan náà ló ti ń gbé màmá lọ sọ́jà Òkìtìpupa láti oṣù Kìíní. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, òun náà ló ń gbé ẹbí lọ síbi ìsìnkú l'Ékòó. Táyà tó ti dán bí orí apárí ló fi ń rìn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n àwa là ń wọkọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé, gbogbo ìgbà tó bá parí, inú Sienna tàbí bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn là ń wà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àṣà yìí ti dorí kodò. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mọ́tò tí ara rẹ̀ kò dá tó láti dé Kútọnu, ara rẹ̀ kò dá tó láti dé Òkìtìpupa.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní Erinjẹ á já sí Òrè, á wọ òpópónà márosẹ̀ tó ti Bìní bọ̀, á gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, á wọ Èkó, á la Èkó kọjá, á sì kọjú sí Àgbádárìgì kó tó kan ibodè Sẹ̀mẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ju 250 kìlómítà lọ dáadáa. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu wá ńkọ́? Kò tó 50. Ìyẹn ni pé ìrìnàjò tí à ń pè ní ti òkèèrè, inú ilé wa ni a ti ń rìn ín jù. Kòtò tó lè fọ́ ríìmù, ọkọ̀ àjàgbé tó dúró láìtan iná, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó lè mú ẹ́ńjìnnì hó, ẹ ó ti bá wọn pàdé kí ẹ tó rí àsíá orílẹ̀-èdè Benin Olómìnira. Ẹni tó bá tún mọ́tò ṣe nítorí Kútọnu, tó mọ̀ ni o, tí kò mọ̀ ni o, nítorí ọ̀nà Òrè ló ṣe tún un ṣe.

Kí wá ni ó yẹ ká tún ṣe? Táyà ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí òun nìkan ló kan ilẹ̀ nínú gbogbo ara mọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń kìlọ̀ pé táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é kò yẹ lójú títì wa mọ́. Ibí yìí ni táyà tòkunbọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ. Ojú rẹ̀ lè jinlẹ̀ bíi ti tuntun, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Rọ́bà gbígbẹ, títì tó gbóná lọ́sàn-án gangan, ẹrù tó pọ̀ jù àti eré àsápajúdé: bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pàdé, táyà á bẹ́. Afẹ́fẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Òwúrọ̀ kùtù, kí mọ́tò tó rìn, kí táyà tó gbóná, ló yẹ kí fọganáísà wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kó fi ẹsẹ̀ ta á kó ní ó ti tó.

Bíréèkì ló kàn. Bí pẹ́dàlì bá ń rì wọlẹ̀ jù, tó ń dún bí ìgbà tí irin ń ha irin, tàbí tí mọ́tò ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá "a máa wò ó tí a bá dé". Ọ́ọ̀lì bíréèkì fúnra rẹ̀ máa ń gbó, omi máa ń wọ inú rẹ̀, ó sì yẹ ká máa pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀. Omi kànga lásán kọ́ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, nítorí omi lásán máa ń jẹ́ kí inú rẹ̀ dípẹtà. Ẹni tó bá ti dúró lójú kan fún wákàtí méjì láàárín Mile 2 àti Òkòkomáìkò nígbà tí títì náà di mọ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ wo fáńbẹ́ẹ̀lì bóyá ó ti ń sán. Ẹ tan iná iwájú, iná bíréèkì àti tírafikétọ̀, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn mọ́tò kó wò wọ́n fún yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Nínú bọ́ọ̀tù, kí sípéà táyà wà, kí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kí jáàkì àti sípánà tó bá a mu wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ̀rọ ìpaná wà, kí ọ̀pá kékeré tó wà lójú rẹ̀ sì dúró sórí àwọ̀ ewé, kì í ṣe pupa. Kí C-caution wà. Gbogbo wa la mọ ohun tí awakọ̀ tí kò ní C-caution máa ń ṣe bí mọ́tò bá kú sójú títì: ewé tútù ló ń já sẹ́yìn mọ́tò. Ewé kì í tàn lóru. Ẹni tó ń fi 90 sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn kò ní rí i títí tí yóò fi gùn ún.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lílọ-bíbọ̀ ní Dakar. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé àdéhùn náà fún ọmọ ECOWAS láǹfààní láti lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn tó mọ̀ pé ó sọ̀rọ̀ mọ́tò kò pọ̀. Ó ní mọ́tò ara ẹni lè lo tó 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè tó wọ̀, mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ owó 15 ọjọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tó ṣì wà láàyè, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, ìnṣọ́ráǹsì tí àwọn orílẹ̀-èdè náà gbà, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìnṣọ́ráǹsì tí wọ́n gbà yẹn ni wọ́n ń pè ní Káàdì Búráùn. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì tó ń bá yín ṣe ti ilé náà ni ẹ ó ti gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Bí mọ́tò yín bá ṣe ẹnì kan léṣe ní Lómè, ọ́fíìsì Káàdì Búráùn ti Tógò á bójú tó ẹni náà bí òfin Tógò ṣe là á sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ tiyín nílé á sì san owó náà padà fún wọn. Kò sí fún mọ́tò yín. Ẹni tí ẹ ṣe léṣe ló wà fún.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Ohun tí Káàdì Búráùn ń ṣe ní Lómè, third party ló yẹ kó máa ṣe é nílé. Òfin tó sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1945. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni owó rẹ̀ lọ́dún fún mọ́tò ara ẹni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́. Oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò ni kò ní in, ọ̀pọ̀ tó sì ní in, pálí lásán ló rà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín jẹ́ ojúlówó, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín sórí askNIID. Bí wọn kò bá rí i níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Mọ́tò kan gbá ọlọ́kadà lọ́nà Erinjẹ. Itan rẹ̀ kán. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ọ̀kadà ló fi ń bọ́ wọn. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀? Àwọn àgbà á bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á ní kí onímọ́tò ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká. Ó lè san owó ilé-ìwòsàn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ní gbé fóònù mọ́. Ọlọ́kadà á wà nílé títí, ẹsẹ̀ á jinná wọ́rọ́kọ, àwọn ọmọ á jókòó sílé. Àmọ́ bí mọ́tò kan náà bá gbá ọlọ́kadà kan ní Kútọnu, àwọn tí wọ́n ń pè ní zemidjan, ìwé wà tó máa sọ̀rọ̀ fún un, nítorí ẹ̀rù ibodè ti jẹ́ kí onímọ́tò ra á. Àjèjì ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ wa tí aládùúgbò wa kò ní. Ohun tó ń dùn wá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Bí ìwé pé, bí ìwé kò pé, wọ́n á gbowó náà ni." A gbọ́. A kò ní purọ́ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ pé kò ní pàdé ẹni tó máa na ọwọ́ sí i. Ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ti ká mọ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè jókòó, kó rẹ́rìn-ín, kó ní òun kò kánjú. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ìye tí wọ́n bá pè ló máa san, bí táyà bá sì bẹ́ tó gbá èèyàn, gbogbo owó tó san lọ́nà kò ní gbà á. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í san owó ilé-ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà kì í ṣe ohun àmúṣeré. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti wọlé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé gba ibodè orí ilẹ̀. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ láì ní ìwé tó fi hàn pé mọ́tò náà ti sanwó ibodè tẹ́lẹ̀, báwo ni aṣọ́bodè ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe tuntun lẹ ń kó bọ̀? Bí mọ́tò náà kì í bá ṣe tiyín, kí onímọ́tò kọ ìwé àṣẹ fún yín, kí ẹ lọ búra sí i ní kóòtù. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ìwé tí wọ́n ń fún mọ́tò àjèjì, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Kí yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà fún olúkúlùkù. Kí ẹ sì bèèrè ipò tí ibodè wà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ibùdó àyẹ̀wò àjọni ní Sẹ̀mẹ̀, níbi tí àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì ti lè jókòó pọ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè pa, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kó tó ṣí i.

Ohun kan tiẹ̀ rọrùn: apá ọ̀tún títì ni gbogbo wọn ń gbà bíi tiwa. Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Gánà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni epo bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Benin Olómìnira, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ìkẹ́posí kan tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí gbiná nítòsí ibodè Sẹ̀mẹ̀, èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Ilé epo ni kí ẹ ti ra epo. Kí ẹ má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú bọ́ọ̀tù, ì báà jẹ́ pé Kútọnu lẹ ń lọ, ì báà jẹ́ pé Igbókòdá ni.

Ọ̀rọ̀ tó le jù tí wọ́n lè sọ sí wa ni ti owó. Táyà wọ́n. Owó mọ́tò akérò tó ń lọ sí Òrè kò tó nǹkan, wọ́n á ní ibo ni awakọ̀ ti máa rówó táyà tuntun mẹ́rin? Òótọ́ ni, a kò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà sílẹ̀ kì í ṣe ti owó ńlá. Wíwo nọ́ńbà ara táyà kò náni ní kọ́bọ̀. Wíwọn afẹ́fẹ́ kò tó owó àkàrà àti ẹ̀kọ. 15,000 náírà third party, bí a bá pín in sí ọjọ́ 365, kò pé 42 náírà lóòjọ́. Táyà gan-an, méjì méjì la lè rà á. Ẹni tó lè rówó tún mọ́tò ṣe ní oṣù Kejìlá nítorí Kútọnu lè tò ó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kẹta. Owó nìkan kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Ẹni tí à ń bẹ̀rù ni aṣọ́bodè. Èrò inú mọ́tò, a kò bẹ̀rù tirẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwa èrò ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ là ń háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìpàdé, ìsìn, eré ìdárayá àti ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wa. Kí ẹgbẹ́ kankan má san àsansílẹ̀ mọ́ kí ẹnì kan tó yí bọ́ọ̀sì náà ká, kó wo táyà, kó bèèrè third party, kó ní kí awakọ̀ ṣí bọ́ọ̀tù. Kí á bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Awakọ̀ tó jẹ́ bàbá wa ni, a ó kí i, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n a ó bèèrè. Ẹ̀yin ìjọ àti ẹgbẹ́ ìlú tí ẹ ń kó ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ síbi àpèjẹ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin olórí awakọ̀ ní ibùdókọ̀, ẹ ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì láràárọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì wo mọ́tò tí ẹ gba owó lórí rẹ̀ kó tó gbéra.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ní mọ́tò, tí ẹ tún ń múra Kútọnu lọ́dún yìí, a kí yín pé ẹ kú ìmúra. Ẹ rọra lọ, ẹ dé láyọ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ẹ̀rọ ìpaná kúrò nínú bọ́ọ̀tù. Ẹ má jẹ́ kí ìnṣọ́ráǹsì kú mọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ yín ni ẹ máa fi mọ́tò yẹn gbé lọ sílé-ìwé.